Èmi Sàídì, Kí N Dọ̀bálẹ̀ fún Ọmọ Mi?

Sátidé, 14 Jánúárì 1978
Ìpàdé ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ. Inú mi ṣì ń ru. Màmúdù — Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ — dìde láàrin àwọn ọmọdé, ó ní àlọ́ ni mo máa ń pa. Pé kò sẹ́ni tó gbé garawa epo méjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ gun òkè Màpó rí láìsọ̀kalẹ̀. Àlọ́! Èmi tí mo fi kẹ̀kẹ́ ru epo láti Ìjẹ̀bú Igbó wọ Ọjà'ba kí wọ́n tó bí ìdajì wọn! Ìwé kejì péré ni mo kà, itan méjèèjì yìí ni mo fi kọ́ ilé alájà méjì sí Bẹyẹrúnkà.

Mo ní màá tún un gùn lójú wọn, lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Láti ìsàlẹ̀ Ọjà'ba dé iwájú gbọ̀ngàn Màpó. Bí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀, kí Màmúdù gba àga Bàbá Ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní bí mo bá gùn ún, òun á dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gbangba.

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí. Kó máa bọ̀.

Àìkú, 15 Jánúárì
Mo gun òkè náà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí mi. Garawa méjì, omi ni mo rọ sí i. Mo dé ibi tí ọ̀nà ti yí — itan mi kọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Ṣéènì ni. Ó ní láti jẹ́ ṣéènì.

Àtìní, 16 Jánúárì
Mo pààrọ̀ ṣéènì. Kì í ṣe ṣéènì.

Àlàrùbá, 18 Jánúárì
Èjìdé ọmọ mi, tíṣà eré ìdárayá ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan. Ó pẹ́ tí mo ti ń bi í pé iṣẹ́ wo ni fífò sókè fífò sílẹ̀. Ó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fi òróró pa itan. Ó ní, "Bàbá, èémí yín ò tán o. Itan yín ló tán. Kẹ̀kẹ́ gígùn nìkan ò lè gbé yín dé òkè mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù kọ́ iṣan yín."

Ó ní kí n gbé àpò yanrìn sí èjìká, kí n lóṣòó, kí n dìde, kí n tún lóṣòó. Lẹ́yìn náà, kí n máa gun àtẹ̀gùn tòun ti àpò. Bí aláàárù! Nínú ilé tí mo kọ́! Mo ṣe é. Nítorí Abẹ́rẹ́.

Àlàmísì, 19 Jánúárì
Mi ò lè jókòó láìkígbe. Ó ní kí n sinmi lónìí, pé ìgbà tí èèyàn bá sinmi ni iṣan ń ta. Isu ni?

Àtìní, 23 Jánúárì
Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ó ní ó ku apá àti àyà, torí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lèèyàn fi ń fa ara rẹ̀ gòkè. Kí la ó ṣe? Ó ní kí n dojú bolẹ̀, kí n na ara gbalaja, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀, kí n gbé ara sókè, kí n tún rọra wálẹ̀. Prẹ́sọ́ọ̀pù ló ń pè é. Òun á wá dúró síwájú orí mi, á máa kà á!

Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo bí? Orí mi kì í kanlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́run, lórí ìrun. Mo bínú jáde. Ó ké tẹ̀lé mi pé, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ sọ fún Bàbá Màmúdù kí wọ́n máa nu àga."

Ọmọ burúkú. Ta ló tilẹ̀ fi ẹnu jọ ná?

Àtàláátà, 24 Jánúárì
Mo ṣe é. Ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kó kọjú sí ògiri kó tó máa kà.

Sátidé, 4 Fẹ́búárì
Ìyá Àkíbù, aládùúgbò wa tí ojú rẹ̀ kì í gbé ilé tirẹ̀, yọjú lórí ògiri nígbà tí mo wà nílẹ̀. "Yéè!" Ó sá wọlé. Ó parí.

Àìkú, 5 Fẹ́búárì
Wọ́n dé láàárọ̀. Ìyá Àkíbù, Bàbá Yésúfù tó jẹ́ àgbà àdúgbò, àti èrò lẹ́yìn wọn. Mo rò pé èmi ni wọ́n wá kí. Èjìdé ni wọ́n kọjú sí! Bàbá Yésúfù ṣí fìlà. "Èjìdé, ohun yòówù kí bàbá rẹ ṣe fún ọ, fi ṣe osùn, fi para. A gbọ́ pé ó ń dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ọ́ láràárọ̀, o kọ̀yìn sí i, o kọjú sí ògiri, o ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìyá Àkíbù ní, "Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ! Ó ti dé mọ́kànlá!"

Wo ìdẹkùn! Bí mo bá sọ pé iṣan ni mò ń kọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Abẹ́rẹ́ á ti gbọ́ pé Sàídì ń fi àpò yanrìn kọ́ òkè tó ní òun ti gùn rí. Bí mi ò bá sọ, mo di bàbá tó ṣẹ ọmọ rẹ̀. Mo jókòó. Mi ò sọ nǹkan kan. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ ní Bẹẹrẹ tí wọ́n ń gbọ́ ọ l'Ágodi!

Èjìdé wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó ní, "Nítorí tiyín, mo dárí jì wọ́n."

Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní kí èmi náà dúpẹ́. Mo dúpẹ́.

Àtìní, 6 Fẹ́búárì
Ó ní kí n fi kún àpò yanrìn. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 17 Fẹ́búárì
Ìsinmi tipátipá. Ọ̀la ni. Wọ́n ní Abẹ́rẹ́ ti rán ẹ̀wù tó máa fi jókòó sórí àga mi. Àrán! Nínú ooru yìí!

Sátidé, 18 Fẹ́búárì
Mo gùn ún. Epo gidi, kì í ṣe omi. Níbi tí ọ̀nà ti yí, itan fẹ́ kọ̀ — mo fi apá fà á, mo fi àyà fà á — ó lọ! Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ títí mo fi dé iwájú gbọ̀ngàn. Kí wọ́n lọ bi gbogbo Ọjà'ba.

Màmúdù ò sá. Ó ká àrán sókè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èrò hó yèè. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Mo ní, "Ó tó, dìde." Kò dìde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àpárá ló ń dá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń ti ilẹ̀, ara ò gbé. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Sàídì, mi ò lè dìde. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Mo wá ìbínú mi tì. Mo dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Fi àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ èjìká. Mí sínú. Ó yá, ọ̀kan." Mo ki èjìká mi bọ abẹ́ tirẹ̀. A jọ dìde. Wọ́n ṣe bí eré la ń ṣe.

Ìyá Àkíbù ké látẹ̀yìn pé, "Ẹ wò ó! Bó ṣe ń bẹ ọmọ rẹ̀ nìyẹn!"

Mo wá bú jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ — yanrìn, ìlóṣòó, ògiri. Mo fi ariwo sọ ọ́. Pé ọmọ mi ló kọ́ mi. Pé iṣẹ́ gidi ni fífò sókè fífò sílẹ̀, ẹni tó bá sì ní kì í ṣe iṣẹ́, kó gbé garawa méjì wá!

Èjìdé ń nu ojú. Ó ní eruku ni.

Àtìní, 20 Fẹ́búárì
Màmúdù dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wà nílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń mí bíi màlúù. Òun náà ní kí Èjìdé kọjú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n Màmúdù obìnrin, ìyá arúgbó láti Oníyanrìn, tí kò wá sí Màpó, tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ibí. Ó rí i nílẹ̀. Ó di ọwọ́ Èjìdé mú méjèèjì, omi lójú. "Ọmọ mi, ohun yòówù kí Màmúdù ṣe fún ọ..."

Màmúdù gbójú sókè wò mí láti ilẹ̀, pé kí n sọ̀rọ̀.

Mo jókòó. Mi ò sọ nǹkan kan.