Ògiri Tí Mo Fọ̀ Kí Wolé-Wolé Tó Dé

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Màámi, mo sì kí gbogbo agbo ilé wa n'Ílàá. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń ka lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwọn onílé mìíràn lẹ́yìn yín.

Mo ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú òyìnbó níbí. Òtútù ti tún dé, àárò yín sì ń sọ mí. Ràṣídì, ọmọọmọ yín, nìkan ni mo ń rí bá sọ̀rọ̀ nílé, òun náà sì ni ara rẹ̀ kò yá. Ikọ́ ò jẹ́ kó sùn, èémí rẹ̀ kì í já gaara. Dókítà bi mí bí ilé wa ṣe rí. Mo ní ògiri yàrá ń mu omi, ohun dúdú kan sì ń hù lára rẹ̀ bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ó ní kí n tètè wá nǹkan ṣe sí i, pé àyà ọmọ náà ò lè gbà á pẹ́.

Onílé tí mo háyà ilé lọ́wọ́ rẹ̀ níbí ní àwa la fà á, pé mo ń sá aṣọ sínú ilé, n kì í sì í ṣí fèrèsé. Bàbá, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mo sì yí padà. Mo ń ṣí fèrèsé láràárọ̀, òtútù a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ògiri ò gbẹ. Gọ́tà òrùlé ló fọ́, tí omi òjò ń gba ibẹ̀ wọ ògiri, fèrèsé ò sì lè bá wa tún gọ́tà ṣe.

Mo kọ̀wé sí kánsù, wọ́n ní àwọn á rán wolé-wolé wá. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń ṣe tí a bá ti gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, tí gbogbo wa á gbé ìgbálẹ̀, tí Màámi á sáré bo ìkòkò omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo fọ ògiri títí ọwọ́ mi fi bó, mo tún fi ọ̀dà funfun kùn ún. Obìnrin tí kánsù rán dé, ó ní ilé mi mọ́, inú mi dùn. Ìgbà tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí nǹkan kan ni ojú mi wálẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi nu ẹ̀rí ọmọ mi nù. Mo sunkún níwájú àlejò, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní òun á padà wá, kí n má fọ nǹkan kan mọ́. Dúdú náà ti yọ padà báyìí, Ràṣídì ń wúkọ́, mo ń dúró.

Ẹnu ìdúró yìí ni mo wà tí Màámi sọ fún mi nípa tísà ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú tó háyà yàrá ẹ̀yìn ilé wa. Ògiri rẹ̀ ń mu omi, ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́, ẹ sì ní aṣọ tó ń sá sínú ilé ló fà á. Màámi ní ẹ sọ fún un pé, “Ilé mi ni. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kó jáde.”

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kí tísà máa ṣí fèrèsé, kó sì tètè sọ bí omi bá ń wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Páànù àti ògiri, tiyín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe bíríkìlà kí òjò tó dé. Owó tí mo ní kí ẹ fi kun iwájú ilé, ẹ fi ṣe ẹ̀yìn.

Onílé mi ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ohùn yín ni mo ń gbọ́. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ohùn yẹn.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, á jẹ́ kí a fojú rinjú láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ sì bá mi kí tísà àti ọmọ rẹ̀.

Ọmọ yín,
Mọ́ríámọ̀