Ibi Tí A Sin Ìbùkúnolúwa Sí

Ìsàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2004.

Múyìwá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé àlàáfíà lẹ wà n'Íbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń retí lẹ́tà tìrẹ á ti hu ewú. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é sọ lórí fóònù abẹ́ agboòrùn, etí pọ̀ jù níbẹ̀.

Ara Wùnmí, ìyàwó mi, kò yá rárá. O mọ̀ pé inú ti ń run ún tipẹ́. A ti lo àgbo, a ti gbààwẹ̀, a ti ra oògùn títí oníkẹ́míìsì fi ń pè mí ní àna rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bi ẹ̀jẹ̀ nínú oko iṣu. Láàárín èmi àti ọlọ́kadà la gbé e sí dé Ìlúpéjú, ká tó rí takisí wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Dókítà ní ọgbẹ́ wà nínú ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó tó ọdún mélòó kan. Wùnmí ní rárá, oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni, ọjọ́ kẹta tí ọmọ òun kú. Dókítà wá bi í bóyá ó gbé nǹkan kan mì nígbà náà, bí kẹ́míkà. Obìnrin yìí wò mí lójú, ó ní, "Orúkọ ọmọ mi ni mo gbé mì, dókítà."

Kò parọ́. O rántí ọjọ́ tí mọ́tò gbá Ìbùkúnolúwa lójú títì. Àwọn àgbà ní òbí kì í rí sàréè ọmọ, wọ́n ní ká má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí Wùnmí gbé ẹkún mì. Ìwọ àti olóògbé Òjó lẹ gbé e lọ sin. Èmi ni mo sì fi Bíbélì mú ọ búra pé o kò ní fi ibẹ̀ han ìyá rẹ̀ láéláé. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe.

Dókítà kò sọ pé ìbànújẹ́ nìkan ló dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ká má fi oògùn ṣeré. Ṣùgbọ́n ó ní ara ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sinmi kì í tètè jinná, pé jìnnìjìnnì ọjọ́ kan lè wọ inú ara kó máa gbé ibẹ̀ bí ayálégbé.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ rèé: láti ọjọ́ Àìkú tí a ti dé ni Wùnmí ti kọ oògùn. Kò fi ẹnu kàn án. Ó ní, "Ubi kí ọmọ mi wà ni mo fẹ́ mọ̀." Ibi tí ẹ sin ín sí ló ń bèèrè. Ẹ̀gbọ́n wa Alice ń pariwo èèwọ̀. Mo bi í pé èèwọ̀ wo ló ju kí n tún sin ìyá ọmọ? Òjó ti kú, ìwọ nìkan ló kù tó mọ ibẹ̀. Lánàá, mo mú àdá wọ oko àtijọ́ tó wà lọ́nà Ẹ̀dá-Oníyọ̀, mo ṣán igbó títí, n kò rí ojú sàréè rẹ̀.

Mo tú ọ sílẹ̀ nínú ìbúra náà. Bí Ọlọ́run bá máa bínú, kó bá èmi bínú. Má dúró de òpin oṣù. Bí Bámidélé bá ti fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, jọ̀wọ́, dìde.

Kí Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà mú ọ dé láyọ̀. O kò ní mọ irú èyí nínú ilé tìrẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wo ọ̀nà,
Bọ́ládé.

Àfikún: Bí o bá ń mú Wùnmí lọ síbẹ̀, má fi mí sílẹ̀ nílé. Apá tí mo fi gbé ọmọ náà kúrò lójú títì kò yéé ro mí láti ọjọ́ náà. Ebè kíkọ ni mò ń purọ́ mọ́ fún gbogbo yín.