Ọkọ̀ Tí Mo Tọ́jú Bí Ìyá Ìkókò

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, 1958.

Fọláyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Láoyè ọkọ rẹ, mo sì kí ẹnì kẹta yín tí ó wà nínú, tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Ọlọ́run tí ó ṣọ́ oyún náà di òní kò ní sùn nígbà tí ó bá kù díẹ̀. Àwa náà wà, àfi ọyẹ́ tí ó ń la ètè wa. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, akọ méjèèjì. Ìyá rẹ ni ó mú lẹ́tà yìí wá, nítorí náà n kò ra sítáǹbù, tọ́rọ́ kan ti wọlé níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí ọ pé ṣáájú ọdún tuntun ni a ní ìyá rẹ yóò wá dúró tì ọ́ ní Èkó, kí ó lè wẹ ọmọ, tí o kò sì rí i. Má bínú sí i. Èmi ni mo ní kí ó dúró, nítorí ọkọ̀ wa. Ọlátẹ́jú ará Ilare ń gba ṣílè mẹ́sàn-án lọ sí Èkó nínú lọ́rì rẹ̀, mo sì ní kí ni ènìyàn tí ó ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ ń wá nínú lọ́rì ẹlòmíràn?

O mọ píkọ́ọ̀pù náà, èyí tí mo fi owó kòkó rà nítorí pé dísẹ̀lì ni ó ń mu, dísẹ̀lì kò sì wọ́n tó bẹntiróòlù. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọdẹ́wálé, mẹkáníìkì tí ó wà ní Òkè-Ogbó. Ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ pátápátá, ó tún un tò, ó gba pọ́n-ùn méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi yọ ṣílè mẹ́wàá. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ, ó ní kí n gbọ́ o, pé ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò, bí ìyá ìkókò ló rí, kí n má dì í lẹ́rù, kí n má fi sáré, kí n má sì jẹ́ kí òtútù mú un títí ara rẹ̀ yóò fi le.

Ọmọ mi, mẹ́fà ni ìyá rẹ bí fún mi. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ mi bí a ti ń tọ́jú ìyá ìkókò. Ní àràárọ̀ ni mo ń kó ẹyin iná sínú ìkòkò, tí mo ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ó lè yá. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé ìyá ìkókò kì í wẹ̀ lásán kí ó má mu àgbo. Ìyá rẹ ti ṣe àgbo sílẹ̀, èyí tí ó fẹ́ fi wò bí yóò ti rí kí ó tó ṣe tìrẹ. Ó ní kí n fi àgbo ọmọ òun sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo bu agolo sìgá kan péré, mo rọra dà á sí ẹnu táǹkì epo. N kò dà á púpọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ènìyàn.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń wúkọ́. Yóò ta èéfín funfun, yóò gbọ̀n, yóò kú. Ọdẹ́wálé ní bátìrì ni. Mo ra bátìrì ní pọ́n-ùn márùn-ún àti ṣílè mẹ́wàá. Kò lọ. Ó ní àwọn ẹnu kéékèèké tí ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Mẹ́rin ni wọ́n, ṣílè mẹ́rìnlélógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò lọ síbẹ̀. Bí o bá ro méjèèjì pọ̀, ìyá rẹ ìbá ti wọ lọ́rì Ọlátẹ́jú wá sí Èkó kí ó sì padà ní ìgbà mọ́kànlá, ṣílè mẹ́jọ yóò sì ṣẹ́kù.

Nígbẹ̀yìn ni Ọdẹ́wálé tú asẹ́ epo, ó sì mú ewé kékeré kan jáde. Ó ní, Bàbá, ewé wo nìyí? Mo ní ewé ẹfinrin ni, àbí kò mọ ewé ẹfinrin ni? Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó dìde. Ó ní omi àti dísẹ̀lì kì í gbé inú táǹkì kan náà. Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń pè é ní ìyá ìkókò?

Ọ̀rọ̀ náà dé Ilare kí n tó délé. Ọlátẹ́jú rí mi lọ́nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, Bàbá Fọláyọ̀, ẹ kú ewu ọmọ o, akọ ni ọkọ̀ bí àbí abo? Gbogbo èrò inú lọ́rì rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Àná ni lẹ́tà Láoyè dé, pé nọ́ọ̀sì ti kọ ọjọ́ tí o ó bí sínú káàdì, kò sì ní kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ má jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gba owó ìtanràn kankan lọ́wọ́ yín, ọmọ kì í ṣe owó orí. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn di ẹrù rẹ̀, ó ní bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lásán ni, òun ń lọ. Mo rìn lọ sí Ilare, mo ka ṣílè mẹ́sàn-án sọ́wọ́ Ọlátẹ́jú. Ó ń dúró kí n sọ pé méje ni n ó san, bí ìṣe mi. N kò ná an rárá. Òun náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ni Àyọ̀kẹ́ ìyá rẹ yóò jókòó.

Kí Láoyè jọ̀wọ́ bá mi wá ọgbọ̀n ṣílè tí Ọdẹ́wálé yóò fi fọ táǹkì. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ ra ohun tí ọmọ yóò lò. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, kí ẹ fi rán Ọlátẹ́jú. Kí ẹ sì sọ ohun tí o bí fún un, nítorí ẹnu rẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ gbọ́ “ẹ kú ewu ọmọ” tòótọ́.

Má gbé ẹrù wúwo, má sáré, má jẹ́ kí òtútù mú ọ. Mu àgbo rẹ, ìwọ ni a ṣe é fún. Wẹ́rẹ́ ni ìwọ yóò bí. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ti ọkọ̀ lè dúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàgbé.