Màmá Hilda Sagar, Ẹni Tí Àkàbà Kò Gbé Ṣubú

Ẹ̀yin ará ìlú Colne, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ti òkè àti ìsàlẹ̀ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn yìí, àwa ẹbí Sagar àti ẹbí Pickover kí yín, a sì dúpẹ́. Èmi Glenys, àkọ́bí olóògbé, ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn yìí. Bí ó bá gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí a lè fi ìlà méjì sọ tán.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1934 ni a bí Màmá ní ìlú yìí, ní àdúgbò òkè níbi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́ débi pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò ti lọ mú un. Bàbá Amos Pickover, afọfèrèsé, ni ó bí wọn. Ìyá wọn ni Ivy, ọmọ ìlú Barrowford, tí ó ń hun aṣọ ní ilé iṣẹ́ òwú. Àwọn nìkan ni òbí wọn bí.

Màmá lọ ilé ìwé títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn kò bá ìwé jà, ìwé náà kò sì bá wọn jà. Olùkọ́ wọn kan máa ń ráhùn pé Hilda kì í gbọ́ ohun tí òun ń kọ́ wọn, pé ojú fèrèsé ló ń wò ṣáá. Òótọ́ ni. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ní ọdún 1950, Bàbá Amos ṣubú. Láyé ìgbà náà, bí afọfèrèsé bá fẹ́ gbé àkàbà sí ọ̀nà tó da gẹ̀rẹ́, òkúta pẹlẹbẹ ni yóò há sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kí ó lè dúró gún. Gbogbo wọn ló ń ṣe é, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òkúta yọ̀, àkàbà yí, Bàbá Amos balẹ̀ gbì. Àwọn ọkùnrin àdúgbò yọ ilẹ̀kùn ilé kan, wọ́n tẹ́ wọn sórí rẹ̀, wọ́n sì gbé wọn wálé. Egungun ìbàdí wọn ti fọ́. Wọn kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò gun nǹkan kan mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìyá Àgbà Ivy fárí gá. "Àkàbà ti parí nínú ilé yìí! Ẹni tó bá tún gùn ún, bí wọ́n ṣe gbé eléyìí wá ni wọ́n máa gbé e wá bá mi!"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Màmá nígbà náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì bàbá wọn ti wà lọ́wọ́ wọn. "Màámi, ṣé ilé ìhunṣọ náà ni kí n lọ, kí ẹ̀rọ máa pariwo sí mi létí títí á fi di bíi tiyín?"

"Kí lo wí?"

"Ẹ ò rí i!"

Bàbá Amos ni ó bá wọn dá sí i láti orí ibùsùn. "Ivy, má bínú sí àkàbà. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò dúró re, mo sì gùn ún. Ọgbọ́n orí mi ló yọ̀, kì í ṣe òkúta."

Ìyá Àgbà sunkún títí, wọ́n wá nu ojú. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, ẹsẹ̀ ara rẹ ni kó o fi wọlé wá bá mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọ wá, mi ò bí ọ o." Láti ọjọ́ náà, ohun tí ilé wa ń ṣọ́ nìyẹn: ohùn bàtà Hilda lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, kò sẹ́ni tí oúnjẹ ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ.

Láti orí àga ni Bàbá Amos ti kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́. Wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ẹsẹ̀ irin kan tí a lè fà gùn tàbí kí a tì kúrú, kí àkàbà lè dúró déédéé lórí òkè wa, kó má tún sí pé à ń wá òkúta kiri. Wọ́n ní àkàbà tó bá nàró jù á dà sẹ́yìn, èyí tó bá sì sùn jù, ìdí rẹ̀ á yọ̀. Bí o bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ìdí rẹ̀, tí o na apá méjèèjì síwájú gbọọrọ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bá igi ìdábùú rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ìdodo ènìyàn kò gbọdọ̀ kúrò láàárín òpó àkàbà méjèèjì láé, nítorí pé ọwọ́ tí à ń nà jù ló ń pa afọfèrèsé. Ẹ gbà mí! Títí di òní, bí ọmọ ilé wa bá na ọwọ́ jù láti mú iyọ̀ lórí tábìlì, ẹnìkan á kígbe pé, "Ìdodo ẹ dà?"

Ní ìlú wa, wọ́n ní ẹni tó bá gba abẹ́ àkàbà kọjá ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa orí burúkú. Màmá kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. "Ẹ̀rù orí burúkú ń bà wọ́n ju ẹ̀rù kí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi já lù wọ́n lọ," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ti yà fún mi."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù páì ní òpópónà ńlá ni wọ́n ti pàdé Wilf Sagar, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yan páì ẹran níbẹ̀. Bí Màmá bá ti dé láti fọ fèrèsé òkè, Wilf á sáré jáde, ìyẹ̀fun á ti dé ìgúnpá rẹ̀, á fi bàtà tẹ ìdí àkàbà, á sì di òpó rẹ̀ mú.

"Máa gùn ún lọ, Hilda. Mo ti dì í mú."

"Bó bá yọ̀ ńkọ́?"

"Kò lè yọ̀ bí mo bá wà níbí."

"Bó bá yọ̀, orí ẹ ni mo máa já lé o. O tiẹ̀ rọ̀ dáadáa, páì ti pọ̀ níkùn ẹ."

"Ṣáà já lé mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Màmá ní ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí Wilf, Bàbá wa, sọ rí, àti pé ó tó. Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà ọdún 1957. Wọ́n bí mi ní 1959, wọ́n sì bí Keith àbúrò mi ní 1962. Bàbá wá di ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìdí àkàbà sílẹ̀. Gbogbo afọfèrèsé ìgbà náà ló gbà pé bí ènìyàn kan bá ti tẹ ìdí àkàbà mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Màmá náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Màmá, tọkàntọkàn. Bí wọ́n bá ń kọrin, àwọn tó wà níwájú á máa wẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fọ gbogbo fèrèsé ilé ìjọsìn wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún kan, ìjì ń jà. Pásítọ̀ ní kí àwọn jọ gbàdúrà kó dáwọ́ dúró. Wọ́n gbàdúrà, ìjì ò dáwọ́ dúró, Màmá sì di ẹrù wọn. "Ṣé ìgbàgbọ́ yín ti kéré ni, Arábìnrin Hilda?" "Rárá o, Pásítọ̀. Ọlọ́run ti dáhùn. Ó ní kí n lọ sílé."

Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù páì, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ wà níbí lónìí, ẹ mọ ara yín. Ẹni tí wọ́n fi awọ tútù tí wọ́n fi ń nu fèrèsé nà lẹ́yìn nítorí ó gbé àkàbà ti gọ́tà oníke lára òrùlé, jọ̀ọ́ má sunkún jù, o ṣì wà láàyè.

Ní ọdún 2005, òfin tuntun jáde nípa iṣẹ́ orí òkè. Ilé ọtí ni Keith ti gbọ́ ọ, ó sì gbé e wálé. "Ẹ gbọ́ o! Ìjọba ti fòfin de àkàbà! Ẹni tí wọ́n bá bá lórí ẹ̀, ó di ilé ẹjọ́!" Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Màmá pé kí wọ́n má wá mọ́, àwọn ò fẹ́ ẹjọ́. Àwọn afọfèrèsé tó kù ra ọ̀pá gígùn tí omi ń gba inú rẹ̀ lọ sókè. Inú àwa ọmọ dùn, kí ni mo fẹ́ pa mọ́? Wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Màmá gbà á gbọ́. Wọ́n gbé ayùn, wọ́n rẹ́ àkàbà onígi wọn sí méjì, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nínú ọgbà kí ẹ̀wà lè rí nǹkan gùn. "Bí kò bá ní gbé mi mọ́, kó gbé ẹ̀wà." Wọ́n wá wọlé, wọ́n jókòó. Wọn kò jà, wọn kò kọrin, wọn kò jẹun dáadáa. Bàbá wá bá mi nílé. "Glenys, Hilda ò bá mi jà látìjẹta. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọlọ́run ló ṣe é, obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ wá ra páì ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bàbá di páì rẹ̀ mú, wọn kò fún un. "Ìyáàfin, kí ni ìyàwó mi ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi gba àkàbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ta ló gbà á, Bàbá?"

"Ẹ̀yin ìjọba. Ẹ ti fòfin dè é."

"Àwa kọ́! Òfin ò dè é. Ó ní ká ronú ká tó gùn ún ni. Bí iṣẹ́ ò bá pẹ́, tí ilẹ̀ tẹ́jú, tí àkàbà lágbára, tí ẹni tó ń gùn ún mọ̀ ọ́n lò, tí ara ẹ̀ sì le, kò sí wàhálà. Èyí tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ilé ọtí ni wọ́n ti ṣe é."

"Ẹ ṣeun! Èmi náà ni mo sì ń di ìdí ẹ̀ mú fún un."

"Ẹ̀yin? Bàbá, bí àkàbà bá fẹ́ yọ̀, ènìyàn kan ò lè dá a dúró. Ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà míì rárá là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé páì mi wá."

Bàbá ti sáré jáde. Aṣọ ìdáná wà lọ́rùn wọn, páì obìnrin náà wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n rí ewéko ẹ̀wà tó ti gun àkàbà wọn dókè. "Ẹ wò ó! Ẹ̀wà ti gba iṣẹ́ mi!"

Ọ̀rọ̀ náà kò pa Keith lẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ti lé ní àádọ́rin, ẹ jọ̀ọ́."

"Òfin ò wí ti ọjọ́ orí. Ara líle ló wí."

"Ọjọ́ tí ara yín ò bá le mọ́, ta ló máa sọ fún yín?"

"Èmi."

"Ẹ ò ní sọ! Ẹ ò ní sọ láéláé, a máa lọ ṣà yín nílẹ̀ ni!"

Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo wa nìyẹn. Màmá ra àkàbà tuntun, wọ́n ní kí àwọn onílé kan òrùka irin mọ́ ògiri, wọ́n sì ń so àkàbà mọ́ ọn ní gbogbo ilé. Bàbá bínú díẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti lé àwọn níbi iṣẹ́. "Ta ló lé ọ?" ni Màmá wí. "Ìwọ ni kó o máa bá mi sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Okùn ò mọ ọ̀rọ̀ sọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí Bàbá fi sùn ní ọdún 2011. Ó dun Màmá dọ́kàn, ó dùn wọ́n gan-an. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ kejì ìsìnkú, wọ́n padà sórí àkàbà. Aliya, ọmọ Keith, ni ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọ̀pá gígùn ló sì fẹ́ràn. Lálaalẹ́ ni mo ń pe Aliya lórí tẹlifóònù. "Ṣé wọ́n ti wọlé?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2013, mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù páì nígbà tí Màmá gbé àkàbà ti ògiri. Ilẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn kò fẹ́, wọ́n nu ìtẹ́lẹ̀ bàtà wọn bí wọ́n ṣe ń nù ún. Wọ́n gun ìtẹ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n gun ìkejì. Wọ́n dúró. Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fi iwájú orí ti òpó àkàbà.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ojú mi yí díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká sinmi, tó bá yá ẹ máa gùn ún." Ẹ gbọ́ mi o! Èmi tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ yìí!

"Rárá, Glenys. Bó o bá ní láti bi ara ẹ bóyá ara ẹ le, kò le nìyẹn." Wọ́n pe Aliya, wọ́n ní kó máa bá iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́. Omi bọ́ lójú wọn, wọn kò fi pa mọ́. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí Keith, tó ti jogún ṣọ́ọ̀bù Bàbá, bu páì pẹ̀lú ẹ̀wà sísè fún àwọn, kó má ṣe ahun. Keith bú sẹ́kún lẹ́yìn káńtà. Màmá bi í pé ṣé ẹkún yìí ló máa gbé páì wá ni.

Wọ́n lo ọdún mẹ́wàá àti díẹ̀ sí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń bá gbogbo afọfèrèsé ìlú yìí wí láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn ife tíì òwúrọ̀, wọ́n sùn lórí ibùsùn wọn, wọn kò sì jí mọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Ikú àgbà ni, a kò ráhùn.

Wọ́n fi èmi Glenys àti Trevor ọkọ mi sáyé lọ, àti Keith àti Shazia ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ, Martyn, Aliya àti Imran. Àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ, Robin àti Zara. Àti àìmọye fèrèsé tó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa gbé wọn dé itẹ́ òkú, ẹ rọra o, ẹ má kánjú lórí òkè wa. Ẹ kò fi ọwọ́ gbé wọn rí. Láti ọdún 1950 títí di ọjọ́ tí wọ́n sùn, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń wálé. Òní ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbé Hilda.

Màmá, ẹ kí Ìyá Àgbà Ivy fún wa. Ẹ sinmi re.