Fọ́tò Ìbọn Tí Màámi Rí

Ẹ kú ilé o, màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Lichtenberg, ní ìlú Berlin níbí. Mo kí Bùkọ́lá àbúrò mi àti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ránṣọ, mo sì kí ìyá ìjọ tí kì í jẹ́ kí ẹ dá nìkan jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé orúnkún yín ti rọ̀ díẹ̀? Ṣé wọ́n ti bá yín tún òrùlé yẹn ṣe, kí òjò má baà máa jò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń kí yín, níṣojú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ tí Bùkọ́lá ti fi fọ́tò yẹn hàn yín, ẹ ò gbé fóònù mi mọ́. Màá pè, á dún títí, á sì dákẹ́. Bùkọ́lá ní owó tí mo fi ránṣẹ́ ṣì wà níbi tó kó o sí, pé ẹ ò fọwọ́ kàn án, àti pé ẹ ti kìlọ̀ fún un pé bí lẹ́tà mi bá dé, kó má kà á sí yín létí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, màámi. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa ń kà á láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ibi ìkéde òkú, títí kan ti ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ibẹ̀ wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi gé pátánì aṣọ.

Mo mọ ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò náà. Ẹ rí mi tí mo gbé ìbọn gígùn dání, tí mo ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn òyìnbó arúgbó dúró yí mi ká. Bùkọ́lá ní ẹ wò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ da ojú fóònù dé orí tábìlì, ẹ wọ yàrá lọ, ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì ẹ ní kó sọ fún mi pé ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbé mọ́ra tí mo ń fi ya fọ́tò. Mi ò lè jiyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹlòmíì tó ń ka èyí kò ní mọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi Délé lọ gba ẹ̀rọ ìránṣọ màámi lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wọn tún un ṣe ní ìlú kejì. Nígbà tó ń bọ̀, àwọn fijilántè gbé igi dínà, wọ́n ní kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin kan tí màá pè ní Gbénga, ló mú ìbọn lọ́wọ́. Ìbọn náà dún. Délé ló bà. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà délé, Délé ò délé.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù, Gbénga ní òun ò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni. Ó ní olórí àwọn ló ń bọ̀ lẹ́yìn òun, àgbàlagbà, òun yíjú láti tẹríba kí i, ni ìbọn bá dún lọ́wọ́ òun. Èmi ni mo fò dìde tí mo ń pariwo pé irọ́ ni. Màámi, ẹ fa aṣọ mi, ẹ fà mí jókòó, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé ẹ̀yin náà sọ ọ́ bí ẹ ti ń ṣí gèlè: ẹ ní ta ni yóò gbà pé ìkíni ló pa ọmọ ẹni. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ìyá rẹ̀ ò yéé wá kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì wa lọ́dọọdún, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i fún un.

Ìró ìbọn yẹn bá mi dé ìlú òyìnbó. N kò sọ ọ́ fún yín rí. Ní Hamburg tí mo ti kọ́kọ́ gbé, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń já ẹrù látinú kọ̀nténà. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ kó dá, wínníwínní ló máa ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gba abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì wọlé. Lọ́jọ́ kan pákó ìkẹ́rù kan já bọ́ láti òkè, ó ró gbàà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dojú bolẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di ìgbà tí a jẹun ọ̀sán. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Uwe lorúkọ rẹ̀, arúgbó tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè.

Ọjọ́ tí ọdún ń parí níbí, tí wọ́n ń pè ní Silvester, láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń yin báńgà ní gbogbo òpópónà. Ilé ìwẹ̀ ni mo jókòó sí, mo fi kóòtù di etí, mo ń pe orúkọ Délé. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, Uwe rí ojú mi, ó bi mí léèrè, mo sì sọ fún un. Ó pẹ́ kó tó wá bá mi pé òun wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn yínyìn ṣeré ìdárayá, Schützenverein, pé kí n bá òun lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí n lọ wo nǹkan náà níbi tí kì í ti í pa ẹnikẹ́ni. Mo bú u nínú ọkàn mi, mo ní kí ni òyìnbó yìí mọ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé ní Hamburg, bí o kò bá ní ẹbí, ògiri ni wàá máa wò. Nígbà tó yá, mo tẹ̀ lé e.

Màámi, n kò rí irú ibẹ̀ rí. Yàrá gígùn kan ni, bébà tí wọ́n ya òrùka sí wà ní ìkángun rẹ̀, àwọn bàbá àti ìyá arúgbó sì ń mu kọfí pẹ̀lú kéèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ìyá kan wà tó jọ ìyá ìjọ, á hun súwẹ́tà títí tó fi máa kàn án, á wá ṣí àpótí kékeré kan, á mú ìbọn ìléwọ́ jáde. Òfin wọn le ju ti ilé ìwé lọ. Iwájú ni ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ máa kọjú sí nígbà gbogbo. Ìka rẹ kò gbọdọ̀ kan tírígà àfi tí o bá ti ṣetán. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kì í yìnbọn rárá, wọ́n ń pè é ní Aufsicht, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn. Tó bá ti lọgun, gbogbo wọn á yọ ọta jáde, wọ́n á gbé ìbọn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n á fà sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó máa ń bá a jiyàn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sunkún. Uwe kò dá mi dúró. Ó fi ohun ìdití bò mí létí, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa mí jáde díẹ̀, kí n dúró, kí n wá tẹ tírígà díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ yín tó bá jẹ́ léèsì olówó iyebíye ni ẹ ń rán. Bí mo ṣe ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìró náà ò gbé mi lulẹ̀ mọ́. Fọ́tò tí ẹ rí yẹn, ọjọ́ tí ọwọ́ mi ò gbọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́ ni. Kì í ṣe ìbọn ni mo ń rẹ́rìn-ín sí, màámi. Ọwọ́ mi ni.

Síbẹ̀, ìbànújẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kì í fi mí sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Aufsicht bá lọgun tí gbogbo ìbọn sì balẹ̀, màá rò ó pé bí irú ẹni yìí kan ṣoṣo bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí wọ́n fi dínà lọ́jọ́ yẹn, Délé ì bá ti di bàbá ọmọ lónìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lọ nu ojú.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí mo kọ́ gbé mi wá sí Berlin, mò ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ọsibítù. Iṣẹ́ náà dára, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tètè máa ń ṣú nígbà òtútù, tí mo bá sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn, àwọn ilé gogoro Lichtenberg ni, kò sí ẹni tó ń kí ẹnì kan. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kreuzberg, a ń kọrin, a ń jẹ ìrẹsì, bí mo bá kí àwọn ọmọdé káàbọ̀, Jámánì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àlàbí níbí. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ sì ti dákẹ́. Mo wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn tó wà nítòsí, nítorí kí Sátidé lè ní ibi tí yóò gbà.

Sátidé kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ wà lọ́wọ́ mi, ọta ṣì kù nínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí orí funfun kan lẹ́nu ọ̀nà. Uwe ni. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Hamburg láì sọ fún mi, ó fẹ́ fi yà mí lẹ́nu. Màámi, ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ wa. Ẹ ní ọmọ tó bá kọ ẹ̀yìn sí àgbà kó tó kí i, a ò kọ́ ọ nílé. Délé gba ìkó lórí rẹ̀, èmi náà gbà á. Ara mi ló yí, kì í ṣe èmi. Mo yíjú, mo tẹ̀ ba, ọwọ́ òsì mi ń lọ sílẹ̀, mo ti ń sọ pé ẹ káàbọ̀ sà. Ìbọn sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ikùn Uwe ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ìka mi wà lórí tírígà.

Aufsicht ké, gbogbo wọn gbé ìbọn sílẹ̀. Uwe kò mira. Ó rọra sọ fún mi pé kí n yọ ìka, kí n padà kọjú sí bébà, kí n gbé e sílẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀. Wọ́n yọ ọta inú rẹ̀, wọ́n ní kí n jáde fún ọjọ́ náà, bí òfin wọn ṣe wí. Uwe ló fà mí lápá jáde.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ó bi mí léèrè pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé pé ìkíni ni, pé ní ilé wa, a kì í jẹ́ kí àgbà bá ẹ̀yìn wa. Ó wá ní nínú yàrá yẹn, ẹni tí kò bójú wẹ̀yìn ni ó bu ọlá fún òun, pé kí n gbé ìbọn sílẹ̀ ná, pé òun lè dúró de ìkíni. Ibẹ̀ ni mo ti rántí kọ́ọ̀tù. Ọ̀rọ̀ tí Gbénga sọ, tí mo pè nírọ́, òun gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán.

Màámi, ohun tí mo ń bẹ̀rù láti sọ fún yín nìyí. Ọmọ yẹn kò parọ́. N kò ní kò jẹ̀bi o. Ìka rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ kó wà, àwọn tó fún un ní ìbọn kò sì kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kò wo ojú Délé kó kórìíra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Délé ti kú, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ìkórìíra ni ẹ̀gbọ́n mi rí kẹ́yìn láyé. Kò rí i. Ẹnì kan tó ń tẹríba fún àgbà ló rí. Bóyá èyí á tù yín nínú, bóyá ó tún máa dùn yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé lásán ni ọmọ yín kú. N kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ bí i.

N kò ní kí ẹ ṣí géètì fún ìyá Gbénga. Ilé yín ni. Èmi ni mo ní kí ẹ ṣí nǹkan fún. Bí ẹ bá ní kí n má fọwọ́ kan ìbọn mọ́ láéláé, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi, kí n gbọ́ ohùn yín, màá sì gbà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní ṣọ̀fọ̀ ọmọ mọ́. Ojú yín á ríran fi okùn bọ abẹ́rẹ́ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ sì bá mi fi ọwọ́ nu ojú sàréè Délé.

Ìbọn náà ti wà nílẹ̀, màámi. Inú rẹ̀ ṣófo, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Mo lè yíjú kí yín wàyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàbí