Bẹ́líìtì Tí Bàbá Kò Tíì Rà

Ẹ̀gbọ́n mi Niillas,

Màmá ń kí yín ní Ọ́síló lọ́hùn-ún. Orúnkún ìyá àgbà ti fúyẹ́. Ajá yín ṣì ń sùn lórí bàtà yín.

Afẹ́fẹ́ ti gbá yìnyín orí adágún lọ, ó ku omi dídì tó ń dán bíi dígí. Alùpùpù yìnyín Bàbá yọ̀ lórí ẹ̀ lánàá, díẹ̀ ló kù kó dojú dé. Bẹ́líìtì onírọ́bà tó ń yí lábẹ́ ẹ̀ bíi táyà ti jẹ tán. Àwọn tó ń tà á ní kí Bàbá yan òmíràn, eléyín gígùn fún yìnyín jíjìn, tàbí eléyín kúkúrú tí wọ́n máa kan ìṣó sí kó má baà yọ̀ lórí omi dídì. Bàbá ní, “Niillas ló máa ń yàn án.”

Ni mo bá fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ohùn yín pariwo: “Bàbá, eléyín kúkúrú, kẹ́ ẹ kan ìṣó sí i! Àbí ijó lẹ fẹ́ máa jó lórí adágún?”

Bàbá sáré jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán, wọ́n rò pé ẹ ti dé. “Risten! Ọmọ burúkú! O ò gbọdọ̀ dán an wò mọ́!” Wọ́n jókòó, wọ́n nu ojú. Nígbà tó yá, wọ́n rọra ní, “Tún un sọ.”

Mo ti tún un sọ títí ohùn mi fi há, wọn ò tíì rà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́. Òtútù ò ní mú yín lọ́nà.

Àbúrò yín,
Risten