Òdo láti Alafiarou

Àtìní, 16 Juin 2025. Tchaourou.

Èmi àti Farid, ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, tún ti ń fà á. Àkójọ kóòdù tí mo kọ sórí kọ̀ǹpútà ló ń gba ìwọ̀n òjò táwọn àgbẹ̀ ń fi pọ́táábù, fóònù wọn, ránṣẹ́ láràárọ̀, tó sì ń tò ó sínú àtẹ. Tirẹ̀, ní Parakou, ló ń gba àtẹ náà lọ́wọ́ tèmi, tó sì ń sọ ìgbà tí wọ́n lè gbin àgbàdo. Àdéhùn kan wà láàárín méjèèjì. A rò pé ó yé wa.

Gbogbo Jímọ̀ ni ojú ewé rẹ̀ lórí ayélujára ń sọ pé ọ̀dá dá. Ọ̀dá kọ́. Mọ́sálásí làwọn àgbẹ̀ lọ, wọn kò ráyè wọn òjò. Ẹni tí kò bá fi nǹkan ránṣẹ́, tèmi á fi òdo dí àyè rẹ̀, á sì sàmì sí ẹ̀gbẹ́: má ka èyí. Farid ń kà á.

Ó ní àdéhùn sọ pé àmì lè wà, kò sọ pé dandan ni kóun wò ó. Láti òní lọ, Lọ́yà lorúkọ rẹ̀ níbí.

Àtàláátà, 17.

Òjò ńlá lánàá. Màmá ní ṣé mo gbúròó Tonton Yacoub, àbúrò rẹ̀ tó ń dá gbé lóko ní Alafiarou, tóun náà ń fi ìwọ̀n òjò ránṣẹ́. Mo wo ojú ewé Lọ́yà: òdo. Mo ní ó ti fi ti àárọ̀ yìí ránṣẹ́, òjò ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkàn Màmá balẹ̀.

Àlàrúbá, 18.

Mo tún kọ̀wé sí Lọ́yà pé ká tún àdéhùn náà kọ.

Àlàmísì, 19.

Màmá tún béèrè. Òdo náà ni. Mo ní Tonton wà pa. Ìbéèrè yìí ti ń sú mi.

Lọ́yà gbà níkẹyìn! A kọ ọ́ kún àdéhùn: ẹni tó ń gba àtẹ gbọ́dọ̀ wo àmì kó tó ka nọ́ńbà, ibi tí àmì bá wà, kó fi í sílẹ̀ lófìfo. Gbogbo wàhálà yìí, nítorí gbólóhùn kan.

Jímọ̀, 20.

Lọ́yà ti tún kóòdù rẹ̀ ṣe. Àwọn Jímọ̀ tó kọjá ti ṣófo, bó ṣe yẹ. Inú mi dùn. Mo wá wo Alafiarou.

Ti Tonton kì í ṣe Jímọ̀ nìkan. Láti Àbámẹ́ta tó kọjá — òfìfo. Àwọn òdo tí mo kà fún Màmá, kò sẹ́ni tó fi wọ́n ránṣẹ́.

N kò tíì sọ fún Màmá. Mo ń wá zémijan, ọ̀kadà tó máa gbé mi dé Alafiarou.

Àbámẹ́ta, 21.

Ó wà láàyè, àlùhámúdùlílà. Ó ń gé ẹ̀ka igi kajú, ló bá já bọ́. Pọ́táábù fọ́ mọ́ ọn lábẹ́. Obìnrin Fúlàní tó ń da màlúù nítòsí ló ń gbé omi àti wàrà wá fún un. Obìnrin náà fẹ́ rán ẹnì kan sí wa. Tonton ní kó má yọra ẹ̀ lẹ́nu, àwa nílé ti mọ̀.

A ti gbé e dé Tchaourou. Egungun itan ló dá. Kò bínú rárá, ìyẹn ló burú jù. Ó ní:

"Bilkis, gbogbo àárọ̀ ni mò ń sọ pé wọ́n á ti rí i pé n kò fi nǹkan ránṣẹ́. Wọ́n á wá."

Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ pé ó ń fi ránṣẹ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.